Arlis Ọgọ́ta àti Ìbọn Tó Kọ̀ Láti Dún

Tẹ́.

Ìró àkọ́kọ́ tí Arlis Napier rántí láyé rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ohùn ìyá rẹ̀, kì í sì í ṣe orin. Ìró kékeré kan ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi èékánná ta ẹnu ife. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Òtútù ti sọ omi inú ọpọ́n di yìnyín, èéfín ń jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn, bàbá rẹ̀ sì dúró ti ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pa fún ẹran ìgbà òtútù. Bàbá na ìbọn ìléwọ́ sí iwájú orí ẹlẹ́dẹ̀ náà, ó fa apátí, ìbọn ní tẹ́. Kò dún. Ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ itan. Ohùn náà ní ẹ̀rin, ìbọn sì dún.

Ọta náà wọ bàbá ní itan, wọn kò sì tíì gbé e dé ojú ọ̀nà ńlá tí ẹ̀jẹ̀ fi tán lára rẹ̀.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù a máa ṣe ènìyàn bí ó ti wù ú. Òmíràn á sá fún ohun tó ń bà á lẹ́rù títí ayé. Òmíràn á máa tẹ̀ lé e kiri láti mọ ibi tó ń sùn. Arlis fẹ́ mọ ohun tó wà nínú tẹ́ yẹn. Kí ló ń ṣe nínú irin láàárín ìgbà tí ìbọn dákẹ́ àti ìgbà tó dún? Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún méjìlá, kò sí ìbọn tó bàjẹ́ ní àfonífojì Turkeypen, láàárín àwọn òkè ìlà-oòrùn Kentucky, tí kò tíì tú palẹ̀ sórí pákó kan lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀.

Ó wọ inú ilẹ̀ lọ wa èédú bí gbogbo ọkùnrin ibẹ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, òkúta já láti òkè ihò, ó balẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Nígbà tó dìde lórí ibùsùn, ó ti di arọ ẹsẹ̀ kan. Ó fi àwọn igi tí wọ́n fi ń gbé òkè ihò èédú ró kọ́ àtíbàbà kan sẹ́yìn ilé rẹ̀, ó kan ìṣó mọ́ ara ògiri, ó ń gbé ìbọn àwọn ènìyàn kọ́ sí i, ó sì ń tún wọn ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní bí sípíríǹgì bá rẹ̀ nínú ìbọn, Arlis á gbọ́ ọ bí ìyá ṣe ń gbọ́ ikọ́ ọmọ.

Òfin méjì ló wà ní àtíbàbà náà. Àkọ́kọ́, ẹni tó bá gbé ìbọn wá gbọ́dọ̀ ṣí i ní ẹnu ọ̀nà, kí Arlis fojú rí i pé òfìfo ni, kó tó kọjá ìloro. Èkejì, bí ìbọn bá ní tẹ́ tí kò dún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mira. Ẹnu ìbọn á wà níbi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni, wọ́n á sì kà dé ọgọ́ta kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun. Àwọn mìíràn ní kíkà dé ọgbọ̀n ti tó. Arlis ní kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Arlis Ọgọ́ta. Àwọn awakùsà tó bá ń kọjá lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ á kígbe láti ojú ọ̀nà pé, "Ọgọ́ta! Ìyàwó mi ti dákẹ́ láti àárọ̀, ṣé kí n ṣì máa kà?" Arlis á gbé ọwọ́ sí wọn. Á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé kò tíì yìnbọn rí. Kò fi ẹyọ ọta kan dán ìbọn wò láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ìyàwó rẹ̀ ti di olóògbé, ṣùgbọ́n Wendell, arákùnrin obìnrin náà, ló ń bá a yìn wọ́n. Bí ìbọn bá ti parí, Wendell á gbé e lọ sí bèbè odò, á yìn ín sínú yẹ̀pẹ̀ gíga tó wà níbẹ̀, Arlis á sì dúró sẹ́yìn ilé èédú. "Ẹni tó tún un ṣe kọ́ ló yẹ kó dán an wò," ó máa ń wí. "Etí mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́ tèmi." Wendell gbà á bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1974, eruku èédú tó wà lẹ́dọ̀fóró Wendell kò jẹ́ kó lè mí dáadáa mọ́, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó jìnnà ní ìrìn wákàtí méjì. Láti ìgbà náà, ìbọn mẹ́fà tí Arlis ti tún ṣe tán ló wà lórí ìṣó. Ó ń sọ fún àwọn tó ni wọ́n pé sípíríǹgì wọn kò tíì dé láti ìlú ńlá.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan nínú oṣù kọkànlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Delphia, ti ilẹ̀kùn wọlé pẹ̀lú korobá lọ́wọ́. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Òun nìkan ló ń gbé ní òkè àfonífojì láti ọdún mọ́kànlá tí Clell, ọkọ rẹ̀, ti kú.

"Àbúrò, gbé kọfí kaná," ó wí. "Mo ti jẹ àgbàdo gbígbẹ bí ìbaaka láti àárọ̀."

Ó gbé korobá náà sórí tábìlì. Ìbọn ìléwọ́ Clell ló wà nínú rẹ̀, ó fi épúrọ́ọ̀nù wé e. Ẹnu rẹ̀ yọ síta láti inú aṣọ náà, ó sì kọjú sí àyà Arlis gan-an.

"Ẹ̀gbọ́n," Arlis wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí korobá yẹn."

"Kí n yí i síbo?"

"Síbikíbi tí kò bá ti sí èmi."

Delphia yí i sí ògiri. "O ṣì wà bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ọta wà nínú rẹ̀?"

"Ìbọn ni. Kí lo fẹ́ kó wà nínú rẹ̀, ẹ̀wà?"

Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Arlis bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kó tó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ajá dìgbòlugi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé ni. Ó ti bu màlúù kan jẹ nísàlẹ̀ odò, ó sì ti gba ọgbà ilé ìjọsìn kọjá. Ní àárọ̀ yìí, bí Delphia ti ń lọ fún wàrà, ó bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé màlúù: ajá ọdẹ ńlá alámì, itọ́ ń fà lẹ́nu rẹ̀ bí òwú, ọrùn rẹ̀ sì wọ́ bí ẹni pé ẹnì kan so ó kọ́. Delphia yọ ìbọn Clell lápò.

"Ìgbà mélòó lẹ fà á?"

"Márùn-ún. Tẹ́, tẹ́, tẹ́, tẹ́, tẹ́. Bí ẹni ń pa iná orí."

"Ṣé ẹ kà láàárín wọn?"

Delphia wò ó tìyanutìyanu. "Kí n kà! Ajá dìgbòlugi ń wò mí lójú, ìwọ ń bi mí bóyá mo kà. Mo sá wọ inú àká àgbàdo, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra, mo sì jókòó síbẹ̀ títí tó fi gba inú igbó lọ. Wákàtí méjì, Arlis. Ọba òkè ló mọ iye àgbàdo tí mo jẹ."

Ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì gba ife kọfí tí Arlis bù fún un. Arlis fa ìbọn náà jáde, ẹnu rẹ̀ sí ògiri, ó sì ṣí i. Àgbá kékeré àárín rẹ̀ ní ihò mẹ́sàn-án fún ọta mẹ́sàn-án. Ó rọra tì wọ́n jáde sórí aṣọ funfun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti hù lára wọn. Àpá abẹ́rẹ́ ìbọn, irin ṣóńṣó tó ń gbá ọta, wà ní etí ìdí márùn-ún nínú wọn, kò jinlẹ̀. Nígbà tó fi ìka kan inú ihò, ìka rẹ̀ jáde pẹ̀lú epo.

"Kí lẹ ń fi kun ìbọn yìí?"

"Epo máṣíìnì ìránṣọ. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí mo bá ti ìsìn dé. Clell kì í fẹ́ kó dípẹtà."

"Ṣé ẹ máa ń kó ọta rẹ̀ jáde kí ẹ tó kun ún?"

Delphia gbé ife kalẹ̀.

"Clell ló ki ọta sínú rẹ̀," ó wí. "Ọ̀sẹ̀ tó kú gan-an. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n má bẹ̀rù òru. Ọwọ́ rẹ̀ ló kàn wọ́n gbẹ̀yìn. Mi ò kó wọn jáde."

Ọdún mọ́kànlá, ọjọ́ Àìkú kan tẹ̀ lé òmíràn, obìnrin yìí ń fi epo àti ìfẹ́ pa iná inú ọta. Nínú irú ọta kékeré yìí, ohun tó ń gbiná kò sí láàárín ìdí rẹ̀. Inú etí tó yí ìdí náà ká ló wà, bí iyanrìn tó wọ inú ìṣẹ́tí aṣọ. Abẹ́rẹ́ ìbọn gbọ́dọ̀ gbá etí yẹn mọ́ irin kó tó lè tanná. Bí epo bá ti wọ inú ìṣẹ́tí yẹn, ẹrẹ̀ ló kù.

"Nígbà náà, fún mi ní ọta tuntun, kí n máa lọ," Delphia wí. "Aago mẹ́rin ni màlúù ń retí pé kí n fún wàrà rẹ̀. Kò mọ̀ pé ajá ya dìgbòlugi."

Arlis ì bá fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n epo nìkan kì í mú kí àpá abẹ́rẹ́ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó nu gbogbo ihò náà gbẹ, ó fi ọta tuntun sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú. Mẹ́fà jókòó dáadáa. Mẹ́ta yọ ìdí síta, kò ju nínípọn irun méjì lọ.

"Ṣé Clell máa ń fa ìbọn yìí lófìfo?"

Delphia bú sẹ́rìn-ín. "Sí rédíò! Bí àwọn tó ń wá ìbò bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Clell á kó ọta jáde, á na ìbọn sí rédíò láti orí àga rẹ̀: tẹ́! Á ní, 'Ìwọ ti lọ. Ẹlòmíràn dà?' Ogún ọdún ló fi pa wọ́n, síbẹ̀ wọn ò yéé dépò."

Arlis náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti rí i báyìí. Bí ìbọn irú èyí bá ṣófo, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò rí etí ọta gbá, etí ihò ló máa ń gbá. Irin á máa gbá irin. Lórí ogún ọdún ìbò, abẹ́rẹ́ náà ti kúnu, etí ihò mẹ́ta sì ti wú sínú, ọta kò lè wọlé tán mọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá gbá a, ìdajì agbára rẹ̀ á bá títì í wọlé lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi epo òyìnbó fọ ojú ọ̀nà òòlù ẹ̀yìn ìbọn, epo máṣíìnì ti gbẹ sínú rẹ̀ bí oje igi. Ó fi òkúta pẹlẹbẹ lọ orí abẹ́rẹ́ díẹ̀díẹ̀, díẹ̀ náà ni, nítorí abẹ́rẹ́ tó kúrú burú ju èyí tó kúnu lọ. Kò fi fáìlì, irin tí a fi ń ha irin, kan ihò. Ihò tí a bá fi fáìlì là kì í di ọta mú mọ́. Ó mú irin dídán kan tí orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó tì í sínú ihò tó wú, ó ń yí i, ó ń fi ọwọ́ tẹ irin tó wú náà padà sí ibi tó ti wá. Ó ṣe ọ̀kan. Ó ṣe èkejì. Ó ṣe ẹ̀kẹta. Òógùn bò ó, bẹ́ẹ̀ iná ààrò ti fẹ́ kú.

Nígbà tó parí, oòrùn ti fẹ́ wọ ẹ̀yìn òkè. Ní Turkeypen, aago mẹ́ta ààbọ̀ kò tíì lù tí òjìji fi máa ń kún ilẹ̀.

"Ó kù kí a dán an wò," Delphia wí.

Arlis ń nu ọwọ́. Ó nù ún ju bó ṣe yẹ lọ.

"Wendell kò sí," ó wí.

"Mo mọ̀ pé Wendell kò sí."

"Ẹ sùn síbí. Màá gbé bẹ́ẹ̀dì tèmi fún yín."

"Kí màlúù máa ké títí di àárọ̀? Gbé ọ̀kan nínú àwọn ìbọn gígùn wọ̀nyí, kó o bá mi lọ." Ó tọ́ka sí ògiri. Apá òsì Delphia kò kọjá àyà rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti ṣubú láti orí àjà koríko, kò sì lè gbé ìbọn gígùn. Arlis kò na ọwọ́ sí ìkankan nínú wọn. Delphia wo ojú rẹ̀, ó sì mi orí. "Ó dáa. Fún mi ní ti Clell, kí n yìn ín fúnra mi."

"Rárá."

"Kí ló dé?"

"Bí ó bá wí tẹ́ lọ́wọ́ yín ńkọ́?"

"Màá kà."

"Ẹ kò kà láàárọ̀ yìí!" Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe rò lọ. Ẹnu ya àwọn méjèèjì.

Delphia fa àga sún mọ́ ọn, ó jókòó. "Arlis, ọjọ́ tí Wendell ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn fún ọ ni mo ti mọ̀. Mi ò sọ. Ẹ̀rù kì í ṣe olè, kò sí ìdí tí mo fi máa ké sí aráyé. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́. Kí lo rántí nípa àárọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn?"

"Mo ń kà," ó wí. "Mo kà dé ẹ̀rin. Ǹ bá ti kígbe pé kó má sọ ọwọ́ kalẹ̀. Kíkà ni mo ń kà."

"Ìwọ?" Delphia wí. "O kò tíì mọ̀ ọ́n kà nígbà náà. Abẹ́ épúrọ́ọ̀nù mi lo wà, o di itan mi mú. Èmi ni mo ń kà. Bàbá ló kọ́ mi pé bí ìbọn bá kọ̀, ká kà kí a tó mira. Mo ń kà á sókè bí ọmọ ilé ìwé, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín." Ó mu kọfí tó kù, ó ti tutù. "Òun ló mọ òfin yẹn jù gbogbo wa lọ. Ẹ̀rín ló mú un gbàgbé."

Arlis jókòó. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló ti fi gbọ́ ohùn yẹn nínú orí rẹ̀, tó sì rò pé tòun ni. Kò mọ̀ bóyá ó mú ẹrù kúrò lórí òun tàbí ó fi òmíràn kún un. Ohun tó mọ̀ ni pé aago ń lọ, àti pé bí ó bá fún obìnrin yìí ní ìbọn tí kò dán wò, òun á tún wà lábẹ́ épúrọ́ọ̀nù.

Ó dìde. Ó mú páálí ọta tuntun kan.

"Ẹ dúró sẹ́yìn ilé èédú," ó wí.

"Ibi tìrẹ kọ́ nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n!"

"Mo ti ń lọ, mo ti ń lọ."

Bèbè odò kò ju ìṣísẹ̀ ogójì lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sọ ọ́ di ọgọ́rin. Ó fi ẹfun sàmì sí ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan láti orí kìíní dé orí ìkẹsàn-án, kí ó lè mọ èyí tó bá kọ̀. Ó na ọwọ́ sí yẹ̀pẹ̀. Ìka rẹ̀ wà lórí apátí, kò sì fẹ́ fà á. Ó wo ìka náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Láti ẹ̀yìn ilé èédú, Delphia kígbe pé, "Ṣé o ti sùn ni?"

Ó fà á.

Ìbọn dún. Ariwo rẹ̀ kéré sí èyí tó ti ń gbọ́ nínú orí rẹ̀ láti kékeré. Ó fò sẹ́yìn síbẹ̀, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Yẹ̀pẹ̀ tú díẹ̀ ní iwájú. Ó fa èkejì, ó dún. Ó fa ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ìkarùn-ún. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nu ún, torí kò fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ó fa ìkẹfà.

Tẹ́.

Gbogbo ara rẹ̀ di yìnyín. Ọpọ́n omi, èéfín ẹnu, ẹlẹ́dẹ̀, gbogbo rẹ̀ dé. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ itan, bí ọwọ́ gbogbo ènìyàn ṣe máa ń fẹ́ wálẹ̀. Ó dì í mú síwájú. "Ení," ó wí. "Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin." Ó dúró lórí ẹ̀rin. Lẹ́yìn ilé èédú, ohùn arúgbó kan ní, "Àrún." Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀fà," Arlis wí. Wọ́n jọ ń kà á lọ. Ní ogójì, apá rẹ̀ ti wúwo. Ní àádọ́ta, ó fi ọwọ́ kejì gbé e ró. Ní ọgọ́ta, ìbọn kò tíì sọ nǹkan kan.

Ó ṣí i. Ihò kẹfà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó wú. Àpá abẹ́rẹ́ tí ó wà lára ọta jinlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó fúyẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Irin wíwú náà kò tíì wọlé tán. Ó padà sínú àtíbàbà láìsọ̀rọ̀, ó tún ti irin dídán náà sínú ihò kẹfà, ó yí i títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó padà sí bèbè. Ó yin mẹ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ dún. Ó tún ki ọta sí i, ó yin mẹ́sàn-án mìíràn. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn dún, kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ bí kò ṣe etí rẹ̀ tó ń hó.

Delphia ki ọta tuntun sínú rẹ̀, ó tì í sápò. "Màá lọ."

"Màá bá yín lọ."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn? Ìwọ ni ajá á kọ́kọ́ jẹ, èmi á wá máa wọ́ ọ gun òkè. Jókòó. Bí mo bá fún wàrà tán tí mo wọlé, màá lu agogo ìpè oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta." Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò yíjú padà. "Àwọn ọta Clell, má dà wọ́n nù o."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ṣì lè pa ènìyàn. Epo kì í pa gbogbo wọn."

"Má dà wọ́n nù ni mo wí."

Ó lọ. Arlis wo aṣọ pupa tó wé mọ́ orí rẹ̀ títí ó fi pòórá nínú igi. Ó jókòó sí ìloro, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, òtútù ń wọlé. Ó wo aago: mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Mẹ́wàá. Ogún. Ó ń ronú nípa ihò kẹfà. Ìgbà méjì ló dún. Ṣé ìgbà méjì tó? Wendell á ti yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ìbọn dún lókè àfonífojì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó dìde, ó tún jókòó. Kí ló dé tí kò fi ju ẹyọ kan lọ? Ṣé ẹyọ kan ló tó ni, àbí èkejì ló kọ̀? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, torí kò mọ ohun mìíràn tí a ń ṣe. Ó kà dé ọgọ́ta. Agogo kò lù. Kò mọ ohun tí a ń kà lẹ́yìn ọgọ́ta. Ó padà sí ení, ó tún kà dé ọgọ́ta, ó tún padà. Ìgbà mélòó ló ti padà, kò mọ̀. Òkùnkùn ti ń gun òkè bọ̀, ó sì ti di ọ̀pá rẹ̀ mú láti máa fẹsẹ̀ arọ lọ bá a, nígbà tí agogo lù. Ẹ̀ẹ̀kan. Ó lù lẹ́ẹ̀kejì. Ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Arlis fi rò pé ó parí, kí ó tó lù lẹ́ẹ̀kẹta. Apá kan ṣoṣo ló ń fà á.

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó tan gílóòbù orí tábìlì. Ọta Clell mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án wà lórí aṣọ funfun níbi tó ti tò wọ́n sí. Ó mú àkọ́kọ́, ó fi ẹ̀mú rọra yí orí òjé rẹ̀ títí ó fi yọ, ó da ẹ̀tù rẹ̀ sínú ife omi, ó sì fi ìkòkò idẹ kékeré tó ṣẹ́kù sínú epo òyìnbó kí ohun tó wà ní etí rẹ̀ lè kú pátápátá. Láàárín ọ̀kan àti òmíràn, ó ń dúró kí ó tó mú èyí tó kàn. Nígbà tí gbogbo wọn ti rẹ epo tó, ó nu wọ́n gbẹ, ó fi aṣọ ha ìpẹtà aláwọ̀ ewé tó wà lára wọn kúrò, ṣùgbọ́n kò ha ìdí wọn níbi tí ọwọ́ Clell ti tì wọ́n wọlé. Ó tún òjé kọ̀ọ̀kan tẹ̀ padà sórí idẹ rẹ̀. Ó wá agolo tábà tó ṣófo, ó tẹ́ òwú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ń kó wọn sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé mẹ́sàn-án. Ó dé e, ó gbé e sílẹ̀ de Delphia. Lẹ́yìn náà ó gbé ife omi dúdú náà jáde, ó dà á sẹ́yìn ilé, ó padà wọlé, ó sì nu tábìlì.